Ta Ló Yẹ Kó Mọ Oníbọn? Àgbéyẹ̀wò Ìjà Òfin Lórí Ìbọn àti Àṣírí Ẹni Nílẹ̀ Amẹ́ríkà

Òfin kan tí ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1986 sọ ọ́ láìfi bò pé ìjọba kò gbọdọ̀ ní ìwé kan tí orúkọ gbogbo oníbọn orílẹ̀-èdè náà wà nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún fóònù. Ilé iṣẹ́ tó ni áàpù kékeré tí èèyàn fi ń wo bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lè mọ ibi tí ẹni náà sùn lánàá, kó sì ta ohun tó mọ̀ fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni ti ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní báyìí, wọ́n ti pàdé.

Àtúnṣe méjì nínú ìwé òfin wọn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ọdún kan náà, 1791, ni wọ́n sì fọwọ́ sí méjèèjì. Àtúnṣe Kejì dá ẹ̀tọ́ níní ìbọn mọ̀. Àtúnṣe Kẹrin ní kí ìjọba má ṣe tú ara, ilé, ìwé àti ẹrù èèyàn láìnídìí. Lọ́dún 2008, nínú ẹjọ́ Heller, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ẹ̀tọ́ ìbọn jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé onílé lè ní ìbọn ìléwọ́ nínú ilé rẹ̀ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹjọ́ McDonald ti ọdún 2010 mú kí gbogbo ìpínlẹ̀ àti ìlú máa tẹ̀ lé ìdájọ́ yẹn. Lọ́dún 2022, ẹjọ́ Bruen gbé ẹ̀tọ́ náà jáde kúrò nínú ilé bọ́ sí ìta. Ìta yìí ni kámẹ́rà wà, níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró ìbọn wà, níbẹ̀ náà sì ni fóònù ti ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ dé.

Ìbéèrè méjì ló wá so mọ́ra. Kí ló yẹ kí ìjọba mọ̀ nípa ẹni tó ní ìbọn? Wíwá tí wọ́n ń wá ìbọn kiri ńkọ́, kí ló ń ṣe sí àṣírí ẹni tí kò ní? Ọ̀nà márùn-ún ni mo rí i pé àwọn tó ń dáhùn pín sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn á fi ẹsẹ̀ kan síbí, á fi èkejì sọ́hùn-ún.

Àwọn tó ní kí ìjọba má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀

Àwọn ẹgbẹ́ bíi NRA, Gun Owners of America àti Second Amendment Foundation ló wà níwájú níbí. Àròyé wọn kò lọ́jú pọ̀: ẹni tí orúkọ gbogbo oníbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba ìbọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ràn láti máa mú wá ni ti ìlú New York. Lọ́dún 1967, ìlú náà ní kí àwọn tó ní ìbọn gígùn wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di 1991, ìlú kan náà fòfin de àwọn oríṣi kan tí wọ́n kà sí ìbọn ojú ogun, àwọn tó ti wá forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n sì rọrùn jù láti rí.

Ìbẹ̀rù yìí ti di òfin lóríṣiríṣi. Yàtọ̀ sí ti 1986, ètò tí àjọ FBI fi ń yẹ ẹni tó fẹ́ ra ìbọn wò, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1998, gbọ́dọ̀ pa orúkọ ẹni tí kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ́ láàárín wákàtí 24. Láti 2003 ni òfin mìíràn sì ti ká ìjọba lọ́wọ́ kò lórí ẹni tó lè rí àkọsílẹ̀ ìbọn tí ọlọ́pàá ti tọpinpin.

Ibi tí gbogbo èyí ti hàn sójú jù ni Martinsburg, ní West Virginia, níbi tí àjọ ATF ti ń wádìí ìbọn tí wọ́n bá rí níbi ìwà ọ̀daràn. Tí ọlọ́pàá bá fi nọ́ńbà tó wà lára ìbọn ránṣẹ́, kò sí orúkọ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí ìdáhùn jáde. Yóò pe ilé iṣẹ́ tó rọ ìbọn náà. Ilé iṣẹ́ náà á sọ alágbàtà tó kó o fún, alágbàtà á dárúkọ ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á sì lọ wá Fọ́ọ̀mù 4473 tí oníbàárà kọ jáde nínú fáìlì. Tí ṣọ́ọ̀bù náà bá ti kógbá sílé, á jẹ́ pé páálí páálí ni wọ́n ti kó ìwé rẹ̀ wá sí Martinsburg. Wọ́n á ya fọ́tò ìwé wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè fi orúkọ èèyàn wá a. Ojú ni òṣìṣẹ́ fi ń wá a, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó fi máa di 2021, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ATF ti ju 900 mílíọ̀nù lọ. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ oníbọn ní ìwé orúkọ tí òfin kọ̀ náà nìyẹn, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀ fún un. ATF ní ohun tí kò ṣeé fi orúkọ wá kì í ṣe ìwé orúkọ.

Ibi tí àwọn èèyàn yìí ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ ni pé ìjọba kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun pa mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ìdájọ́ Bruen, iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ California gbé ìkànnì tuntun kan jáde. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì àwọn bí 192,000 tó ti béèrè ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn bọ́ sí gbangba. Ẹni tó gba ìbọn nítorí pé ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ń lépa rẹ̀ wà lára irú àwọn tí àdírẹ́sì títú síta lè ṣekú pa.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó fún wọn ni pé òfin 1934 ti ń mú kí wọ́n forúkọ ìbọn arọ̀jò-ọta sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ ìjọba kò tíì kàn ilẹ̀kùn kiri kó wọn. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́la ni wọ́n fi ń dí ọ̀nà ìwádìí ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ lónìí.

Àwọn tó ní ìbọn tí kò ní àkọsílẹ̀ ló léwu

Àwọn ẹgbẹ́ Brady, Giffords àti Everytown ni orúkọ tí èèyàn máa ń gbọ́ jù ní ìhà yìí. Wọ́n ní ìjọba kò lè mọ ẹni tí kò yẹ kó gba ìbọn láìbéèrè ẹni tó jẹ́. Maryland ń tẹ ìka ọwọ́ àwọn tó fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ láti ọdún 2013, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹkùn kẹrin sì gbà pé ó bófin mu ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Connecticut ló kọ́kọ́ ṣe òfin, lọ́dún 1999, tó jẹ́ kí adájọ́ lè gba ìbọn fún ìgbà díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí àmì ewu bá ti hàn lára rẹ̀. Florida ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2018 lẹ́yìn tí wọ́n pa èèyàn 17 nílé ìwé kan ní Parkland. Ó ti lé ní ogún ìpínlẹ̀ tó ní irú òfin yìí báyìí. Nínú ẹjọ́ Rahimi ti 2024, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án gbà pé ìjọba lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ilé ẹjọ́ ti rí i pé ó jẹ́ ewu fún ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa tó wà ní Texas àti Maryland gan-an, nítorí pé Fọ́ọ̀mù 4473 ń béèrè bí èèyàn ṣe jẹ́ sí ìlú. Ẹni tó ní káàdì ìgbélùú Amẹ́ríkà lè ra ìbọn. Ẹni tó bá fìsà àbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ wọlé kò lè rà á, àfi tó bá bọ́ sínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bíi ti ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tí kò níwèé rárá, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni fún un láti fọwọ́ kan ìbọn.

Agbára ìhà yìí ni pé kò ka ìbọn sí ohun tó yàtọ̀ sí mọ́tò tàbí ilẹ̀, tí gbogbo ayé gbà pé kí a kọ orúkọ olówó rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àìpé pọ̀ nínú ètò náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò sọ pé kí ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò ìbọn yẹ ẹni tó fẹ́ tà á fún wò, nítorí náà ẹni tó fẹ́ sá fún àkọsílẹ̀ mọ ibi tó máa gbà. Ohun kan sì wà tó ya èèyàn lẹ́nu nínú ìtàn ẹjọ́ wọn: lọ́dún 1968, nínú ẹjọ́ Haynes, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìjọba kò lè fìyà jẹ èèyàn nítorí pé kò wá forúkọ ìbọn tí òfin kọ̀ sílẹ̀, torí pé bó bá wá, ara rẹ̀ ló ń fẹ̀sùn kàn. Àwọn aṣòfin sáré tún òfin náà ṣe lọ́dún yẹn, wọ́n ní ohun tí ẹni náà bá kọ sílẹ̀ kò ní di ẹ̀rí mọ́ ọn lọ́wọ́. Àbùkù tí ẹjọ́ náà tú síta kò tíì kúrò nílẹ̀ tán: olóòótọ́ ni àkọsílẹ̀ máa ń tètè rí mú.

Àwọn tó ní kí a lọ wo ohun tí ará àtijọ́ ṣe

Ìdájọ́ Bruen kò fi mọ sí ẹ̀tọ́ gbígbé ìbọn kiri nìkan. Adájọ́ Clarence Thomas, tó kọ ọ́ lórúkọ adájọ́ mẹ́fà, fi òṣùwọ̀n tuntun lélẹ̀: ìjọba tó bá ṣe òfin lórí ìbọn gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó bá ìṣe àti ìtàn orílẹ̀-èdè náà mu. Iye ẹ̀mí tí òfin náà lè gbà là kò sí nínú òṣùwọ̀n.

Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé adájọ́ kò ní lè máa fi ohun tó wù ú gé ẹ̀tọ́ kúrú. Àwọn alátakò ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ta ló ní fóònù lọ́dún 1791? Láàárín ọdún méjì, àwọn ilé ẹjọ́ kéékèèké ti ń lo ìtàn kan náà láti dé ibi tó ta kora wọn. Nínú Rahimi, olórí àwọn adájọ́, John Roberts, tú okùn náà díẹ̀. Ó ní òfin òní kò ní láti jẹ́ ìbejì ti àtijọ́, kó ṣáà ti bá ìlànà tó wà nídìí rẹ̀ mu. Thomas nìkan ló lòdì sí ìdájọ́ náà, òun gan-an tó kọ Bruen.

Ibi tí òṣùwọ̀n yìí ti kan àṣírí ẹni gbọ̀ngbọ̀n ni New York. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn Bruen, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin mìíràn. Lára ohun tó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ máa gbé ìbọn kiri ni pé kó kọ gbogbo orúkọ tó ti lò lórí àwọn ìkànnì bíi Facebook láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nínú ẹjọ́ Antonyuk, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹkùn kejì wọ́gi lé apá yìí ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Àwọn adájọ́ náà ní kò sóhun tó burú tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá lọ ka ohun tí ẹni náà kọ sí gbangba. Ohun tí kò bójú mu ni fífi ipá gba orúkọ ìnagijẹ tí ó fi ń sọ̀rọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́, nítorí pé ẹ̀tọ́ kan ni wọ́n ń ní kó fi ra òmíràn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ náà padà lẹ́yìn Rahimi kí wọ́n tún un wò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹkùn kejì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti kún fọ́ọ̀mù fìsà Amẹ́ríkà láti 2019 á ti rí ìbéèrè tó jọ èyí: orúkọ tí o ń lò lórí ìkànnì fún ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kì í ṣe mẹ́ta. Kò sí agbẹjọ́rò kankan tó lè bá ẹni tó wà lórí ìlà fìsà níwájú iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Walter Carrington Crescent l'Ékòó wọ́gi lé e bí wọ́n ṣe wọ́gi lé ti oníbọn New York, nítorí pé ìwé òfin Amẹ́ríkà kò fún àlejò tó ṣì wà nílé ara rẹ̀ ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìfiwéra yìí sọ púpọ̀ nípa bí ìbọn ṣe ń fa agbára òfin wá bá àṣírí. Ìfiwéra náà kọ́ ló pinnu ẹjọ́ Antonyuk, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń ka ẹjọ́ náà fi í sọ́kàn.

Òṣùwọ̀n ti Àtúnṣe Kẹrin kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2018, nínú ẹjọ́ Carpenter, ọlọ́pàá ti gba àkọsílẹ̀ ibi tí fóònù ẹnì kan dé fún ọjọ́ 127 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ibi 13,000. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́. Roberts yìí kan náà ló kọ ọ́. Ó wo ohun tí ẹ̀rọ tuntun lè ṣe fún ìgbé ayé èèyàn ju bó ṣe wá ẹ̀rọ tó jọ ọ́ nínú ìtàn lọ. Ìwé òfin kan, òṣùwọ̀n méjì. Neil Gorsuch, tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, bi í léèrè bóyá kò yẹ kí àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ máa jẹ́ "ìwé" ẹni tó ni fóònù, bí lẹ́tà tó wà nínú àpótí rẹ̀.

Àwọn tó ní ojú tó ń wá ìbọn ló yẹ ká bẹ̀rù

Àwọn ẹgbẹ́ bíi ACLU àti Electronic Frontier Foundation kì í fi bẹ́ẹ̀ dìrọ̀ mọ́ Àtúnṣe Kejì. Ohun tó ká wọn lára ni pé àwáwí ìbọn ni wọ́n fi ń ṣọ́ gbogbo ìlú, àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì ń kọ́kọ́ jẹ nínú ìyà rẹ̀. Láti ìgbà ẹjọ́ Terry lọ́dún 1968 ni ọlọ́pàá ti lè dá èèyàn dúró kó sì fọwọ́ gbá ara rẹ̀ tó bá ní ìdí láti fura pé ìbọn wà lára rẹ̀. Ní New York, láàárín 2004 sí 2012, wọ́n dá èèyàn dúró ní ìgbà mílíọ̀nù 4.4. Ó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí ẹni tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Látìn. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fọwọ́ gbá lára, kò tó méjì tí wọ́n bá ohun ìjà lára wọn. Adájọ́ Shira Scheindlin dá a lẹ́jọ́ lọ́dún 2013 pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lòdì sí ìwé òfin.

Ẹ̀rọ ló gba iṣẹ́ ọwọ́ báyìí. Ní Chicago, ẹ̀rọ ShotSpotter máa ń fi etí gbọ́ ìró ìbọn ládùúgbò tẹ́lẹ̀. Ọ́físì tó ń yẹ iṣẹ́ ìjọba ìlú náà wò yẹ ìgbà tó lé ní 50,000 tí ẹ̀rọ náà pariwo wò láàárín oṣù kìíní 2020 sí oṣù karùn-ún 2021. Ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn tó jẹ mọ́ ìbọn kò ju ìdá 9.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú gbogbo ìgbà náà. Ìlú náà pa á tì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ọdún yẹn náà ni New York dán ẹ̀rọ ayẹ̀bọn Evolv wò ní àwọn ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ fún oṣù kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìgbà 2,749 ni wọ́n fi yẹ èèyàn wò, ìgbà 118 ló pariwo lórí ẹni tí kò gbé nǹkan kan, ó rí ọ̀bẹ 12, kò rí ìbọn kankan.

Ìhà yìí àti ti oníbọn máa ń bára wọn pàdé níbi tí èèyàn kò fọkàn sí. Nínú Bruen, àwọn agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú tó ń gbèjà mẹ̀kúnnù ní Bronx àti Brooklyn wà lára àwọn tó kọ̀wé pé kí ilé ẹjọ́ fọ́ òfin New York, nítorí pé àwọn ọmọ adúláwọ̀ ni wọ́n ń fi òfin náà kó sẹ́wọ̀n. Nínú ẹjọ́ Caniglia ti 2021, ẹnu gbogbo adájọ́ kò lórí pé ọlọ́pàá kò lè wọ ilé èèyàn kó ìbọn láìgba ìwé àṣẹ, kó wá ní ìlú ni òun ń tọ́jú.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn fún ẹni tó ń gbọ́ ìró ìbọn lójoojúmọ́ kò tíì kún. Ọ̀pọ̀ kánsẹ́lọ̀ Chicago ló bá olórí ìlú, Brandon Johnson, fà á pé kó má yọ ShotSpotter. Ẹni tí kò lè pe ọlọ́pàá kí wọ́n tètè dé kò ní bínú sí ẹ̀rọ tó bá a pè wọ́n.

Àwọn tí kì í ṣe ìjọba

Kì í ṣe ìjọba nìkan ló ń mọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọ 20 àti àgbà mẹ́fà nílé ìwé Sandy Hook ní oṣù kejìlá ọdún 2012, ìwé ìròyìn The Journal News gbé máàpù jáde tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tó ní ìwé àṣẹ ìbọn ìléwọ́ ní Westchester àti Rockland. Wọ́n ní ìwé ìjọba ni, ti gbogbo ayé. Ariwo tó tẹ̀ lé e ló mú kí òfin New York ti oṣù kìíní 2013 jẹ́ kí oníbọn lè béèrè pé kí wọ́n bo orúkọ òun.

Florida gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 2011, wọ́n ṣe òfin tó ní kí dókítà má bi aláìsàn bóyá ìbọn wà nílé rẹ̀, nítorí àṣírí. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹkùn kọkànlá fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́dún 2017, ó ní ẹ̀tọ́ dókítà láti sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lójú. Ní ti káàdì báǹkì, kóòdù tó ń fi hàn pé ṣọ́ọ̀bù ìbọn lèèyàn ti náwó jáde lọ́dún 2022. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Florida kọ̀ ọ́, California sì sọ ọ́ di dandan.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ohun àkọ́kọ́ ni bóyá fọ́tò ìwé tó wà ní Martinsburg ti di ìwé orúkọ tí òfin 1986 kọ̀. Kò sí ohun tó le nínú kí kọ̀ǹpútà ka ìwé tí wọ́n ti yà ní fọ́tò lónìí. Bí ìjọba bá ní agbára rẹ̀ tí kò lò ó, ṣé ó ti rú òfin ni, àbí ó di ìgbà tó bá tẹ bọ́tìnnì?

Èkejì ni ti ẹni tó ń gbé ìbọn kiri lójú òfin. Nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba èèyàn ló ní àṣẹ, ìbọn tó yọ lábẹ́ ẹ̀wù tó ọlọ́pàá láti fura. Lẹ́yìn Bruen, ẹ̀tọ́ ló lè wà lábẹ́ ẹ̀wù yẹn. Ní 2000, ẹjọ́ Florida v. J.L. ti sọ pé ìpè ẹni tí a kò mọ̀ kò tó fún ọlọ́pàá láti yẹ èèyàn lára wò nítorí ìbọn. Bí ojú ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ bá wá rí ìbọn ńkọ́? Àwọn ilé ẹjọ́ kò tíì sọ ohùn kan lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí. California ń fún àwọn onímọ̀ ní yunifásítì ní àlàyé nípa àwọn tó ra ìbọn, ẹkùn kẹsàn-án sì gbà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2024. Ta ni yóò dáhùn bí àlàyé yẹn bá tún tú síta bí ti 2022?

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni ti ríra. Carpenter sọ̀rọ̀ lórí ìjọba tó fi àṣẹ gba àkọsílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ lórí ìjọba tó mú owó lọ sọ́jà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbádòfin kan tó fẹ́ dí ihò yẹn, ṣùgbọ́n ilé aṣòfin àgbà kò bá wọn fọwọ́ sí i nígbà náà. Ká ní ọlọ́pàá ra àkọsílẹ̀ gbogbo fóònù tó lo wákàtí kan níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n ti ní orúkọ oníbọn láìfọwọ́ kan Fọ́ọ̀mù 4473 kankan. Agbẹjọ́rò oníbọn náà lè gbé Àtúnṣe Kejì lọ sílé ẹjọ́, kí wọ́n bi ìjọba bóyá ó ní ohun tó jọ ọ́ nínú ìtàn. Ó sì lè gbé Àtúnṣe Kẹrin lọ, kí wọ́n bi òun náà bóyá ohun tí òun ti fi lé ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ ṣì jẹ́ àṣírí. Èwo nínú méjèèjì ló máa gbé e dé ibi tó ń lọ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kò tíì sọ.